Kí Ẹ Tó Fún Ewúrẹ́ Yín Ní Hóró Họ́míópátì: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nílé Nígbà Tí Ẹran Ọ̀sìn Bá Ń Ṣàìsàn

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìgò kékeré mẹ́ta há ẹrù tó kó ránṣẹ́ sílé. Ó ní wọ́n fi ń tọ́jú ajá àti ológbò lọ́hùn-ún, pé bó bá ń ṣiṣẹ́ lára ajá, kí ni kò ní í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lára ewúrẹ́? Hóró funfun tíntìntín ló wà nínú wọn, ó dùn lẹ́nu bíi ṣúgà. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni Arsenicum album 30C, Nux vomica 30C àti Arnica 30C.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé náà ni ọmọ ewúrẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Mo fún un ní hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti wọnú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, kò lè gbé orí mọ́. Dókítà ẹran dé, ó fún awọ ọrùn rẹ̀ pọ̀, ó fà á sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà dúró ṣonṣo, kò padà. Ó bi mí pé omi tó pọ̀ tó kí ni mo ti fún un láti ọjọ́ mẹ́ta. N kò fún un ní omi kankan. Ọmọ ẹran náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ omi, iyọ̀ àti ṣúgà tí ì bá gbà á là wà nílé ìdáná mi.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ èyí. Mi ò bá ẹni tó ń lo hóró náà jà, nítorí èmi náà lò ó. Ohun tó ká mi lára ni ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń dúró dè é. Màá kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìgò náà, lẹ́yìn náà màá mú àwọn àìsàn tí wọ́n sábà máa ń ní ká lò ó fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe gan-an.

Ohun tó wà nínú ìgò

Dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, tí wọ́n bí ní ìlú Meissen lọ́dún 1755, ló dá họ́míópátì sílẹ̀. Lọ́dún 1790 ó jẹ èèpo igi cinchona, èyí tí wọ́n fi ń wo ibà láyé ìgbà náà, ó sì ní ara òun ń ṣe bíi ti ẹni tí ibà mú. Ibẹ̀ ló ti mú èrò rẹ̀, tó gbé jáde lọ́dún 1796: ohun tó bá lè fa àmì àìsàn kan sára ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo àìsàn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Àrsẹ́níìkì, ìyẹn Arsenicum tí wọ́n kọ sára ìgò, máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣu gbuuru, torí náà wọ́n ní àrsẹ́níìkì ni yóò wo ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n májèlé ni àrsẹ́níìkì, ẹnikẹ́ni kò lè kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ń fi omi là á.

Bí wọ́n ṣe ń là á ni kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Lẹ́tà C tó wà lára ìgò dúró fún ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á mú ẹ̀kán kan nínú oògùn, wọ́n á dà á sínú ẹ̀kán omi tàbí ọtí líle 99, wọ́n á mì ín dáadáa. Ìyẹn ni 1C. Wọ́n á tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn, wọ́n á dà á sínú 99 mìíràn, ó di 2C. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejìlá, ó ṣòro kí ẹyọ mólékù kan ṣoṣo, ìyẹn èérún tó kéré jù lọ, ṣẹ́kù nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n ṣe ti 30C. Bí ẹ bá fẹ́ kọ iye ìlọ́po tí omi náà fi pọ̀ ju oògùn inú rẹ̀ lọ, ẹ kọ 1, kí ẹ wá kọ òdo 60 tẹ̀ lé e. Omi yẹn ni wọ́n á kán sórí hóró ṣúgà, omi á gbẹ, ṣúgà á kù.

Lọ́dún 2015, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ìlera ní Ọsirélíà yẹ àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí èèyàn wò, wọn kò sì rí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé họ́míópátì wò sàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn dókítà ẹran ní Bìrìtìkó, ìyẹn Royal College of Veterinary Surgeons, sọ pé kò sí ẹ̀rí tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà lẹ́yìn rẹ̀, àti pé kò gbọ́dọ̀ fa ìdádúró fún ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí tàbí kó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àgbo. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé "àgbo òyìnbó ni." Kì í ṣe àgbo rárá. Ewé dóńgóyárò tí ẹ sè ní nǹkan nínú, ó ń korò, ó lè ṣe ẹran lóore, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá bó bá pọ̀ jù. Hóró 30C kò ní ohun tó lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ àìsàn ẹran ló ń lọ fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ tó jẹ koríko tútù àkọ́rọ̀ òjò yóò ṣu rírọ̀ fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ìgbẹ́ rẹ̀ á tún padà di kóró-kóró. Bí ẹ bá fún un ní hóró lọ́jọ́ kejì, hóró ló máa gba ọpẹ́. Ìgbà tí àìsàn bá sì le jù la sábà máa ń wá oògùn, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan bá ti le dé góńgó, ó sábà máa ń rọ̀. Ẹran kò lè sọ bó ṣe ń ṣe é. Àwa tó ń wò ó la ń sọ pé ara rẹ̀ ti yá, àwa náà la sì ń fẹ́ kó yá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹran náà wò

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nìyí, nítorí ìbí yìí ni mo ti ṣìnà. Ẹ má ṣe mú oògùn kankan, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe àgbo, kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò yìí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ dúró lókèèrè ná. Ewúrẹ́ tó dá dúró sí kọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń jà sí èèpo iṣu, tó so orí kọ́, tí irun rẹ̀ dìde, tí kò jẹ àpọ̀jẹ, ara rẹ̀ kò yá. Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tó ṣì dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ tó lé e mú: ìhà rẹ̀ yẹ kó gbé sókè bíi ìgbà 15 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ẹ mú un, ẹ fi tẹmómítà sí ihò ìdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ẹnu tẹmómítà náà kó lè wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dì í mú kó má bàa wọlé tán. Ara ewúrẹ́ tó dá ṣáká máa ń wà láàárín 38.5 sí 40°C. Bó bá ju 40 lọ, tí kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré nínú oòrùn, ibà ti mú un. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 38, ó ti burú ju ibà lọ. Ara rẹ̀ ń tutù lọ nìyẹn.

Ẹ fi ìkúùkù yín ti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó rí i pé ikùn náà ń yí, ó ń ti ọwọ́ yín, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá yí rárá, oúnjẹ ti dúró sójú kan nínú rẹ̀.

Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n. Bó bá funfun bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹran náà, ọ̀rọ̀ aràn ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ fún awọ ọrùn rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀: ó yẹ kó padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá lọ́ra, omi ti gbẹ lára rẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ẹran, ẹ gun òṣùwọ̀n tí èèyàn fi ń wọn ara nílé, ẹ kọ iye tó bá fi hàn, ẹ wá gbé ẹran náà mọ́ra kí ẹ tún gun ún. Ohun tó fi lé sí i ni ìwọ̀n ẹran yín. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa tó ti dàgbà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 20 sí 30. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ wò ó.

Ìgbẹ́ gbuuru: ibi tí wọ́n ti ń ní ká lo Arsenicum

Gbígbẹ omi ara ni í tètè pa ẹran tó ń ṣu gbuuru, pàápàá ọmọ tó kéré. Nítorí náà omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ se omi lítà kan, kí ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Gbogbo ṣíbí náà ni kí ẹ fi ọwọ́ gé pẹrẹsẹ, kó má ṣe ga, nítorí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù yóò tún fa omi kúrò lára ẹran ni. Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò.

Ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ni bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹran. Ọmọ ewúrẹ́ kílò 5 yóò gba bí ààbọ̀ lítà, ewúrẹ́ kílò 20 yóò gba bí lítà 2. Ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Síríńjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ ló dára jù láti fi fún ọmọ. Ẹ má ṣe fi ipá la ẹnu rẹ̀ kí ẹ máa rọ ọ́ bí ẹni ń rọ àgbo fún ọmọ ọwọ́! Ẹ jẹ́ kó dúró, kí orí rẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà, ẹ má ṣe ká a sókè. Ẹ ti ẹnu síríńjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi tí kò sí eyín, ẹ tì í díẹ̀, kí ẹ dúró kó gbé e mì. Omi tó bá gba ọ̀nà èémí lọ yóò di òtútù àyà, ìyẹn náà a sì máa pa ẹran.

Bó bá ń mu ọmú, ẹ jẹ́ kó máa mu ún lọ. Ẹ má ṣe po omi iyọ̀ yìí mọ́ wàrà. Ẹ fi àlàfo wákàtí méjì sí àárín wọn. Fún àgbà, ẹ mú gààrí, ẹ̀kọ àti àjẹkù ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ fún un ní koríko gbígbẹ tàbí koríko tí ẹ gé tó ti rọ díẹ̀.

Ẹ má ṣe tú kápúsù tẹtirasáíkílíìnì sínú omi fún un. Àwọn kòkòrò àìrí tó wà nínú ikùn ńlá ewúrẹ́ ló ń bá a lọ koríko, kápúsù náà yóò sì pa wọ́n. Ọmọ ewúrẹ́ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù márùn-ún tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi ipá ṣu, ó lè jẹ́ pé àrùn kọ̀sídíà ló mú un, èyí tó máa ń gbèrú nínú ọgbà tó tutù tó sì dọ̀tí. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀, dókítà ẹran ló máa sọ ọ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ara rẹ̀ ju 40 lọ, tàbí ẹran tó ju ẹyọ kan lọ ń ṣu, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà. Bí kò bá lè gbé orí tàbí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Omi tó ń gba inú iṣan wọlé nìkan ló kù.

Ikùn wíwú: ibi tí wọ́n ti ń ní ká lo Nux vomica

Ikùn wíwú kò ní sùúrù. Ẹran lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó kún ikùn rẹ̀ ń ti ẹ̀dọ̀fóró pa. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni yóò kọ́kọ́ wú. Ẹ fi ìka lù ú, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún bí ìlù. Ẹran náà á máa fi ẹsẹ̀ gbá ikùn ara rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ gbé e dúró kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà ní orí òkè díẹ̀, lórí ebè tàbí lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ bóyá nǹkan há a, nítorí èso máńgòrò tàbí ègé iṣu tó há lọ́fun lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí nǹkan tó há a, ẹ fún un ní òróró ẹ̀pà, mílílítà 50 sí 100 fún àgbà, jẹ́jẹ́, lọ́nà tí mo ti sọ lókè yẹn. Òróró yìí ló ń fọ́ ìfófòó tó há afẹ́fẹ́ mọ́ inú. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, kí ẹ sì máa fà á rìn. Bó bá gùfẹ̀, Ọlọ́run ti bá yín ṣe é. Bí kò bá sí ìyípadà láàárín ìdajì wákàtí, tàbí tó bá ti dùbúlẹ̀, dókítà nìkan ló kù, kíákíá. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gún ikùn rẹ̀ nítorí ẹ rí ẹnì kan tó ṣe é rí.

Bó bá jẹ́ pé ó já wọ ilé lọ jẹ àgbàdo, ìrẹsì tàbí gààrí àjẹyó, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ síyẹn. Oúnjẹ náà á di kíkan nínú rẹ̀, ẹran á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á sì ṣu omi tó ń rùn kíkan. Ẹ po sódà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin, sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún àgbà, kí ẹ sì pe dókítà, nítorí èyí tó bá jẹ púpọ̀ nínú wọn kì í ti ọwọ́ ilé là.

Ìkìlọ̀ kan tún nìyí, nítorí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ẹ̀gẹ́. Èèpo pákí tútù àti ewé rẹ̀ ní májèlé sáyánáìdì. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, kó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí inú ẹnu rẹ̀ sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó pé wákàtí kan. Kò sí òróró tàbí hóró tó kan ìyẹn. Abẹ́rẹ́ dókítà ló kàn án, bí ó bá sì yá ni. Ẹ máa sá èèpo náà sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.

Ojú ọgbẹ́: ibi tí wọ́n ti ń ní ká lo Arnica

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ gé irun tó wà ní ẹnu ọgbẹ́. Ẹ se omi, kí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan ààbọ̀ sí lítà kan, kí ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi síríńjì fín in sínú ọgbẹ́ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Bí ìdin bá wà níbẹ̀, ẹ fi nǹkan tín-ín-rín mú wọn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún fọ̀ ọ́. Kẹrosíìnì, omi bátírì àti òróró ọkọ̀ tó ti dúdú kì í ṣe oògùn. Wọ́n ń jó ẹran ara ni.

Oyin gidi dára lójú ọgbẹ́. Ṣúgà tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń fa omi kúrò lára kòkòrò àrùn, kíkan díẹ̀ tó ní kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbèrú. Ẹ fi pa á ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì lé eṣinṣin fún un. Ṣé ẹ rí i pé ṣúgà kan náà tí kò ṣe nǹkan nínú hóró ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nítorí pé ó pọ̀, ó sì wà níbi tí iṣẹ́ wà? Ọgbẹ́ tó jìn, èyí tí ajá bu, àti èyí tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ ń tẹ òbúkọ lọ́dàá, ẹ fi han dókítà nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Kúrúnà: ibi tí wọ́n ti ń ní ká lo Sulphur

Sulphur ni imí ọjọ́ tí à ń pè. Imí ọjọ́ gidi máa ń pa kòkòrò kúrúnà. Àwọn baba wa ti ń pò ó mọ́ àdín tipẹ́. Sulphur 30C kò ní imí ọjọ́ kankan nínú. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀kan ní ara, èkejì kò ní.

Ẹ ya ẹran tó ní kúrúnà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ó lè ran èèyàn díẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ èépá náà títí yóò fi rọ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ ojú kékeré, ẹ po ìwọ̀n imí ọjọ́ kan mọ́ ìwọ̀n àdín mẹ́sàn-án, kí ẹ fi pa á lójoojúmọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú rẹ̀. Bó bá ti gba ara, abẹ́rẹ́ ivermectin ló kù, abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún un sí, wọ́n á sì tún un gún lẹ́yìn ọjọ́ 14 nítorí ẹyin kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nínú èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà kan ni wọ́n kọ fún kílò 50, ìyẹn ni pé ewúrẹ́ kílò 20 yóò gba 0.4. Ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọn ẹran. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà iye ọjọ́ tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ pa á jẹ tàbí mu wàrà rẹ̀. Ẹ sun koríko tó ń dùbúlẹ̀ lé, kí ẹ fọ ògiri ọgbà náà.

Aràn

Ìpéǹpéjú tí ẹ wò níṣàájú ni atọ́nà yín. Ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe káàdì aláwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní FAMACHA, láti fi wo bí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ṣe le tó lára àgùntàn àti ewúrẹ́. Èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n kò nílò oògùn aràn lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti funfun ni kí ẹ fún. Bí ẹ bá ń rọ oògùn aràn fún gbogbo agbo lóṣooṣù, aràn tó kù yóò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ara ewúrẹ́ tún máa ń yára lo oògùn aràn tán ju ti àgùntàn lọ, torí náà ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún àgùntàn lè má tó o, ẹ béèrè. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ẹ má fún un ní albendazole.

Àwọn àrùn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan kàn

Àwọn kan ń ta hóró tí wọ́n ń pè ní nosode. Wọ́n ní láti ara ọyún tàbí itọ́ ẹran tó ní àrùn ni wọ́n ti mú un, pé wọ́n ti là á títí, àti pé ó lè rọ́pò àjẹsára. Ibí yìí ni ìbínú mi ti máa ń ru.

PPR, tí àwọn kan ń pè ní kátà, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn ni. Ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1942. Ara ẹran á gbóná kọjá 40, ojú àti imú á máa ṣomi, omi náà á di ọyún, ẹnu á ṣégbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ikọ́ náà á dé. Ó lè ko agbo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti mú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe àjẹsára rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ìdí nìyí tó fi ń jẹ́ Nigeria 75/1. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá gún ewúrẹ́ tó ti pé oṣù mẹ́rin, ó ń dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wọ agbo, nítorí ọjà ni àrùn yìí ti sábà máa ń bá wa délé.

Dìgbòlugi tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun pa èèyàn. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ikú ló kù. Ẹ gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún yín ní hóró fún èyí.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lo hóró náà

Ẹ má ṣe fi í síwájú ohun tí mo ti sọ. Ẹ ka nọ́ńbà ara ìgò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, bíi 1X, 2X (X dúró fún mẹ́wàá) tàbí èyí tí wọ́n kọ mother tincture sí, ìyẹn oògùn tí wọn kò tíì là rárá, ó ṣeé ṣe kí májèlé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 2017, àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, rí belladonna, ewé kan tó ní májèlé, tó ju iye tí wọ́n kọ sára ìgò lọ nínú àwọn hóró họ́míópátì tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ń hu eyín. Àwọn hóró kan tún wà tí wọ́n fi xylitol ṣe dípò ṣúgà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ lójijì, kó sì pa á. Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtìkó, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1966 kò gba ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹran láyè láti máa yẹ ẹran ẹlòmíràn wò kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní oníhọ́míópátì ajá, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn dókítà ẹran.

Nígbà tí ẹ bá pe dókítà

Ẹ má ṣe wí fún un pé "ara ẹran mi ò yá" kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un: akọ ni tàbí abo, ó lóyún tàbí kò lóyún, kílò rẹ̀, ìgbóná ara rẹ̀, iye ìgbà tó ń mí, àwọ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀, ohun tó jẹ lánàá, ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ẹran mélòó ló ń ṣe. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún un, títí kan àgbo àti hóró, kí ojú má ṣe tì yín. Ojú tì mí lọ́jọ́ tèmi, mi ò mẹ́nu kan hóró náà títí ó fi rí ìgò lójú fèrèsé.

Páálí tí ìgò mẹ́ta yẹn wá nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó kọ́ sórí ìṣó ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ewúrẹ́. Tẹmómítà ló wà nínú rẹ̀ báyìí, àti síríńjì mílílítà 20 méjì tí kò ní abẹ́rẹ́, iyọ̀ àti ṣúgà tí mo ti wọ̀n sínú ọ̀rá fún lítà kọ̀ọ̀kan, òróró ẹ̀pà nínú ìgò, oyin, ìbọ̀wọ́, ìwé àti bírò, pẹ̀lú nọ́ńbà dókítà tí mo fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ sí ìdérí rẹ̀.